Ọjọ́ Tí Ohùn Bíṣọ́ọ̀bù Há

Bí Nola Tranter bá ń sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní ìlú kékeré Kurrabin, àwọn tó ń dẹ ìwọ̀ létí odò á ti mọ ohun tó fẹ́ sè lálẹ́. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé láàrin òkè àti etíkun, ẹni tó bá sì ti ń fi ohùn borí ọ̀wọ́ ọmọ aláriwo àti ẹ́ńjìnnì tó ti darúgbó láràárọ̀, ohùn ẹni bẹ́ẹ̀ kì í padà sí ààyè rẹ̀ mọ́. Nola fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ kọ̀, kò fẹ̀yìn tì. Len ọkọ rẹ̀, kí ó tó kú, a máa yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn létí bó bá ti rí ìyàwó rẹ̀ lókèèrè. Ó ní nítorí àlàáfíà ilé ni.

Gbogbo Kurrabin ló sì mọ̀ pé Nola kò fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn, pàápàá ológbò. Bó bá rí obìnrin tó gbé ológbò mọ́ra bí ọmọ tuntun, a ní, "Kò mọ ọpẹ́ ẹ́ dú, kò lè bá èèyàn fọ abọ́, ó tún ń wo onílé bí ẹni pé onílé ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

Nítorí náà, nígbà tí Glenys ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sán, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní ìlú kejì, níbi tí wọn kì í ti í gba ẹranko, kò sẹ́ni tó rò pé ọ̀dọ̀ Nola ni ológbò rẹ̀ máa já sí. Nola gan-an kò rò ó. Glenys ló rò ó.

"Nola, ìwọ nìkan ni mo ní," ni Glenys wí lórí ibùsùn, ó fi ohùn aláìsàn wí i.

"O bímọ méjì."

"Melbourne làwọn yẹn ń gbé. Bíṣọ́ọ̀bù ò fẹ́ràn Melbourne."

"Ó ti débẹ̀ rí ni?"

"Nola!"

Bí Bíṣọ́ọ̀bù ṣe dé Kurrabin nìyẹn. Ológbò dúdú ni, ó ki pọ́pọ́, irun funfun sì yí i lọ́rùn ká bíi kọ́là àlùfáà, ibẹ̀ ni Glenys ti rí orúkọ rẹ̀. Ó wá tún ní ohùn. Láyé Nola, kò tíì pàdé ẹni tó lè pariwo jù ú lọ, àfi ìgbà tí ológbò yìí wọlé. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, Bíṣọ́ọ̀bù á dúró síwájú àwo rẹ̀ tó ti ṣófo, á máa ké bí ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́ tí wọ́n ń fà lọ sẹ́wọ̀n. Nola náà á máa dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Mo gbọ́! Mo ní mo gbọ́! Ṣé ilé ń jó ni?" Àwọn méjèèjì á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí Ossie Pargeter, aládùúgbò wọn, á fi yọ orí lójú fèrèsé, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni ebi ń pa?"

Kí Glenys tó fi ológbò lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ti kìlọ̀ fún un. Oògùn kan wà tí wọ́n ń kán sí i ní ìpàkọ́ bí àsìkò rẹ̀ bá ti pé, kó má gbàgbé. Àti pé lójoojúmọ́, kó máa ti ìka bọ inú irun rẹ̀ láti orí dé ìrù, kó máa wá eégbọn.

"Eégbọn apá ọ̀dọ̀ yín yẹn, kì í ṣe eégbọn ṣeréṣeré, Nola. Oró ló wà lẹ́nu ẹ̀. A máa rọ ẹran lẹ́sẹ̀, a sì máa dí i léèémí."

"Glen, ibí ni wọ́n bí èmi náà sí. Eégbọn ti jẹ mí títí ó ti sú u. Ẹran tó ń fi ahọ́n wẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, eégbọn wo ló máa ráyè jókòó lára ẹ̀?"

Ó gba oògùn náà, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ tí ṣíbí wà, ó ní tó bá yá òun á kán an. Ẹ sì mọ "tó bá yá": kì í yá bọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí Nola kì í pa jẹ ni ti ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Glenys á tẹ̀ ẹ́ láago. Kò ní béèrè àlàáfíà Nola. Á ní, "Gbé fóònù sí i lẹ́nu." Nola á gbé e sí i, Bíṣọ́ọ̀bù á ké, inú Glenys á dùn dé egungun tó sán. Nígbà tó yá, àwọn ìyá àgbà yòókù nílé ìtọ́jú náà ń fa àga wọn sún mọ́ ọn láti gbọ́.

Òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, òjò rọ̀ sí ooru, koríko ga. Àwọn bándíkùùtù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú igbó. Ẹran tó fojú jọ òkété ni wọ́n, imú wọn ló gùn, wọ́n sì ń gbẹ́ ihò kiri àgbàlá èèyàn bí ẹni tó ń wá wúrà. Àwọn gan-an ló ń ru eégbọn kiri, eégbọn kì í sì í pa wọ́n lára. Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ràn láti dùbúlẹ̀ sínú koríko lójú ọ̀nà wọn, á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá. Nola ń rí i láti ojú fèrèsé. Ó ní, ó kéré tán, kò sí nínú ilé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ìdákẹ́jẹ́ ló jí Nola. Ó sáré dé ilé ìdáná. Bíṣọ́ọ̀bù jókòó síwájú àwo. Ó la ẹnu gbàgà, ohun tó sì jáde kò ju "fáà" lọ, bí táyà tó ń jò.

Inú Nola dùn. "Áà! O ti kọ́ ìwà! Bí ọmọlúwàbí ṣe ń béèrè oúnjẹ nìyẹn." Ó bu oúnjẹ sí àwo, ó mú tíì, ó jẹ búrẹ́dì yíyan, ó sì lọ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù pé òun ti borí ológbò náà. Nígbà tó fi máa dé lọ́sàn-án, oúnjẹ ṣì wà nínú àwo bó ṣe bù ú. Bíṣọ́ọ̀bù bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kọjú sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gba òsì lọ. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ títí ó fi kọ lu ìlẹ̀kùn, ó fara ti í, ó ń mí fúkẹ́fúkẹ́.

Irú ìrìn yìí kò ṣàjèjì sí Nola. Bí Ossie Pargeter ṣe ń rìn ti kílọ́ọ̀bù bọ̀ nìyí gẹ́lẹ́. Ossie, tó ti gégi nínú igbó títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, ló sì ń pọn bíà fúnra rẹ̀ lábẹ́ ilé. Nola gbé ológbò há abíyá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá.

"Ossie! Jáde! Kí lo fún ológbò mi mu?"

Ossie jáde tòun ti ìwé ìròyìn lọ́wọ́. "Ológbò ta? Ìgbà wo ló di tìẹ?"

"Má yí ọ̀rọ̀ po. Wò ó. Ó ti mutí yó kẹ́ri."

"Nola, bíà tí mò ń ṣe, èmi fúnra mi ò rí i mu tẹ́rùn. Ológbò ni n óò wá máa pín in fún?"

"Irọ́ lò ń pa!"

"Gbé e sílẹ̀ kó rìn."

Nola gbé e sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wó lulẹ̀ bí àpò ìrẹsì. Ó la ẹnu sí Ossie. "Fáà." Ẹ̀rín kúrò lójú Ossie.

"Ohùn ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó há láàárọ̀ yìí. Mo tiẹ̀ yọ̀."

"Nola, kì í ṣe ọtí. Eégbọn ni. Bó ṣe mú Dusty ajá mi nìyẹn. Ohùn ló kọ́kọ́ lọ, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èémí." Kò sọ ohun tó tẹ̀ lé èémí. Gbogbo àdúgbò ló mọ ibi tí Dusty wà, lábẹ́ igi mángòrò.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé àdúgbò, ọjọ́ yẹn ni Ossie kọ́kọ́ rí Nola tó la ẹnu tí ọ̀rọ̀ kò jáde.

Wọ́n tẹ́ tówẹ́ẹ̀lì sórí tábìlì ìta, wọ́n tẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù sí i. Nola mú orí, Ossie mú ikùn, wọ́n ń tu irun bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Kò pẹ́ tí Ossie fi kígbe.

"Mo ti rí i! Ọmọ burúkú! Ó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó!"

"Fà á yọ!"

"Mò ń fà á! Ó ti ki orí bọlé. Kò fẹ́ jáde!"

Bíṣọ́ọ̀bù tí kò lè dìde dúró, ibi tó ti rí agbára kò yé ẹnikẹ́ni. Ó yí ọrùn padà, ó sì fi eyín bọ àtàǹpàkò Ossie. Ossie fò sókè, ó ń jó káàkiri àgbàlá. Nola wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Ossie, ọmú ni."

"Ọmú kẹ̀? Ṣebí akọ ni!"

"Ìwọ náà kì í ha ṣe akọ? Ṣé o ò ní tìẹ láyà ni? Wá wò ó, wọ́n tò lọ rẹ́rẹ́ bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù."

Ojú ti Ossie, ó wọlé lọ, ó sì gbé ìgò kẹrosíìnì kan jáde pẹ̀lú páálí kékeré kan. Ó ní kí àwọn fi kẹrosíìnì pa á lára, bí bàbá òun ti ń ṣe nìyẹn. Nola ní ó tún kù kí wọ́n ṣáná sí i. Ossie ní, ó dáa, oògùn eégbọn Dusty tó kù ńkọ́? Nola gba páálí náà. Àwòrán ológbò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fa ìlà pupa gbọọrọ kọjá lórí rẹ̀.

"Kí ni ìtumọ̀ èyí?"

Ossie wò ó títí. "Bóyá ológbò tí ara ẹ̀ ti yá ni."

"Ossie Pargeter, wọ́n ti fagi lé e! Oògùn ajá ni, pípa ni yóò pa á! Wọ mọ́tò!"

Agbọ̀n ìfọṣọ ni wọ́n fi gbé Bíṣọ́ọ̀bù, Ossie gbé e lé itan lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé kí ooru má bàa tún dá kún un. Nola tẹ mọ́tò. Àmọ́ ojú ọ̀nà tó fi ọgbọ̀n ọdún gbà ni, nígbà tí wọ́n sì dé ìdí afárá, níbi tó ti máa ń já àwọn ọmọ sílẹ̀ nígbà kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ bíréèkì láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́tò dúró gbọin.

"Ta ló ń sọ̀ níbí?" ni Ossie kígbe lẹ́yìn.

"Dákẹ́!" Nola tún iná tẹ̀. Omi ti bò ó lójú, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà ẹranko tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Dókítà Menon ni. Ó gbọ́ "fáà" kan ṣoṣo, ó ti gba agbọ̀n lọ́wọ́ Ossie.

"Ṣé ẹ ti fún un lóúnjẹ tàbí omi láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀?"

"Mo fún un, kò jẹ ẹ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun ẹ̀ ò lè gbé nǹkan mì, ì bá gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ìyáàfin Tranter, a máa fún un lóògùn tó máa jẹ́ kára ẹ̀ balẹ̀, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ tó ń pa oró yẹn. A tún máa fá irun ẹ̀ kí eégbọn kankan má ṣẹ́ kù."

"Apá ibo lẹ fẹ́ fá?"

"Gbogbo ẹ̀."

Abẹ́ kọ́là funfun yẹn gan-an ni wọ́n ti rí eégbọn náà, lábẹ́ àgbọ̀n, ó tóbi tó hóró ẹ̀wà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Dókítà gbé e wá fún wọn wò nínú ìgò. Ó ní yíyọ tí àwọn ti yọ ọ́ kò tíì parí ọ̀rọ̀. Oró tó ti wọ ara ṣì lè mú kó burú sí i kó tó sàn. Ó wá béèrè ìgbà tí wọ́n kán oògùn sí i gbẹ̀yìn.

Nola wo ilẹ̀. "Ó ti wà lọ́kàn mi."

"Ọkàn kọ́ ni wọ́n ń kán an sí," ni Ossie wí, "ìpàkọ́ ni."

Ọjọ́ mìíràn ni, Nola ì bá fi ohùn ṣí òrùlé.

Ní ọjọ́ Sátidé wọ́n gbà á láyè kó wá wò ó. Yàrá tútù tó ṣókùnkùn díẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù wà, wọ́n ti fi ọ̀pá afẹ́fẹ́ sí i nímú. Wọ́n kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn pé kí ẹnikẹ́ni má pariwo, nítorí ìpayà máa ń gba èémí lẹ́nu irú ẹran bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó mú Nola wọlé ti jókòó nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ rí nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó wojú rẹ̀ tìfuratìfura, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Nola. Wúyẹ́wúyẹ́ nìkan o."

Nola kò mọ̀ bóyá òun ní ohùn wúyẹ́wúyẹ́. Ó jókòó, ó wá a lọ nínú ọ̀fun, ó sì rí i, tín-ín-rín, bí ohùn ọmọdébìnrin.

"Tó o bá kú," ló wí fún ológbò náà, "kí ni mo fẹ́ sọ fún Glen?" Bíṣọ́ọ̀bù kò mira. Nola sún àga mọ́ ọn. "Ó dáa. Kì í ṣe tìtorí Glen nìkan."

Ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, ológbò kò tíì lè dìde. Nola ti pinnu pé òun kò ní sọ fún Glenys. Ẹni tí egungun ń dùn kò yẹ kó tún gbọ́ irú rẹ̀. Ossie wá jókòó tì í, wọ́n ti fi aṣọ wé àtàǹpàkò rẹ̀ bíi jagunjagun tó tojú ogun dé. Wọ́n ń jẹ kéèkì nígbà tí fóònù dún.

"Gbé e sí i lẹ́nu," ni Glenys wí.

Nola kò rò ó tẹ́lẹ̀ dé ibí yìí. Òun fúnra rẹ̀ kò lè ké, Glenys ti mọ ohùn rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó na fóònù sí Ossie. Ossie mi orí. Nola fi ojú tó fi ń wo àwọn ọmọ tó bá ń ju nǹkan nínú bọ́ọ̀sì wò ó. Ossie gbé kéèkì mì, ó pa ojú dé.

"Mí-yá-á-á-ùùù," ló ké, àmọ́ ọ̀fun rẹ̀ ti gba sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ikọ́ ló fi parí rẹ̀.

Ohùn Glenys jáde nínú fóònù.

"Nola."

"Glen."

"Kí ni Ossie Pargeter ń ṣe nínú ilé ẹ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tó ń ké bí ológbò?"

Àwọn ìyá àgbà tó yí Glenys ká bú sẹ́rìn-ín. Nola kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ gbogbo rẹ̀: koríko, dúrọ́ọ̀, "fáà", ìgò. Glenys kò dá a lẹ́nu. Nígbà tó parí, ohun tí Glenys sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ.

"Mò ń bọ̀."

"Glen, ìbàdí ẹ!"

"Ìbàdí mi kọ́ ni mo fẹ́ fi bá ẹ jà."

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ilé ìtọ́jú náà já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà dókítà, ó ń ti ọ̀pá onítáyà tó fi ń rìn bọ̀ bí ẹni tó ń ti ìbọn ńlá lọ sójú ogun. Ó bá Nola ní yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà. Nọ́ọ̀sì sáré jáde, ó nàka sí ohun tí wọ́n kọ sára ìlẹ̀kùn. Ìjà tí àwọn àgbàlagbà méjì yìí ti fi ọjọ́ kan gbáko múra sílẹ̀ fún, wọ́n wá ní láti jà á ní wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo ní kó o kán an!" ni Glenys wí bí ejò.

"Mo mọ̀!"

"Inú dúrọ́ọ̀ ṣíbí! Ṣé o fẹ́ fi po tíì ni?"

"Mo ní mo mọ̀, Glen!"

"Òpònú!"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Ọkùnrin kan tó gbé ajá rẹ̀ wá gbà pé wọ́n ń gbàdúrà, ó sì ṣí fìlà.

Lẹ́yìn náà ni Dókítà Menon gbé Bíṣọ́ọ̀bù jáde. Wọ́n ti fá a láti ọrùn dé ìdí. Irun wà lórí, irun wà nídìí ìrù, àárín wọn kò yàtọ̀ sí adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú níyẹ̀ẹ́, kọ́là àlùfáà sì ti lọ. Ó wo àwọn méjèèjì pẹ̀lú ìríra. Glenys fẹ́ sunkún. Ó wo Nola, Nola wò ó. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ẹ̀rín náà bú jáde lẹ́nu wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ajá ọkùnrin yẹn sá sábẹ́ àga, nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ sókè, ó padà sẹ́yìn. Inú ariwo yẹn ni Bíṣọ́ọ̀bù ti la ẹnu, ó ké. Kò tíì tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe "fáà" mọ́.

Ìdajì wákàtí ni dókítà fi ka ìlànà fún wọn. Inú ilé ni yóò máa wà. Kò gbọdọ̀ gun òkè, kò gbọdọ̀ sáré, ooru kò gbọdọ̀ mú un. Oògùn ìpàkọ́, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ yẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ oògùn ajá. Bí wọ́n bá sì ti kán an tán, kí wọ́n ṣì máa fi ìka wá ara rẹ̀ lójoojúmọ́: àgbọ̀n, inú etí, abíyá, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kò sí oògùn tó ń dá iṣẹ́ ṣe.

Nola di ẹlòmíì. Ó gé koríko mọ́lẹ̀ tó fi dà bí kápẹ́ẹ̀tì. Ossie fi wáyà yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé Nola ká kí Bíṣọ́ọ̀bù lè máa gba afẹ́fẹ́ láìfẹsẹ̀ kan igbó. Ní kílọ́ọ̀bù, bí Nola bá ti jókòó, á bẹ̀rẹ̀: "Ohùn ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́! Bí ohùn ẹ̀ bá há, ẹ má yọ̀, ẹ gbé e lọ!" Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bíà wọn lọ síta. Ó dá obìnrin tí kò mọ̀ rí dúró ní ṣọ́ọ̀bù, torí pé ó rí oúnjẹ ológbò nínú agbọ̀n rẹ̀, kò sì jẹ́ kó lọ títí ó fi jẹ́wọ́ pé òun kì í wá eégbọn. Àmọ́ obìnrin yẹn délé, ó wá a, ó rí ọ̀kan nínú etí. Ó pe Nola láti dúpẹ́, Nola sì sọ ọ́ fún gbogbo Kurrabin.

Nígbà tí ìbàdí Glenys jinná, wọ́n ní ó lè máa lọ sílé. Nola fọwọ́ pa irun Bíṣọ́ọ̀bù tó ń hù padà bíi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ó di agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó tú u, ó tún un dì. Glenys dé, ó jókòó, ó wo agbọ̀n.

"Kí lo di agbọ̀n sílẹ̀ fún?"

"Ṣebí ìwọ lo ni í."

"Àtẹ̀gùn ilé mi ti pọ̀ jù fún mi, Nola. Yàrá ẹ̀yìn tó o ń kó ìdọ̀tí sí yẹn, ta ló ń sùn níbẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni Nola wí, ó sì rí i pé ohùn wúyẹ́wúyẹ́ ló fi sọ ọ́.

Glenys kó dé kí Kérésì tó pé. Wọ́n pín iṣẹ́: Glenys ń kán oògùn, Nola ń wá eégbọn. Ẹni tí yóò máa kó ìgbẹ́ ológbò dànù ni wọn kò tíì yanjú. Wọ́n ní Ossie ni, Ossie kò sì tíì gbọ́.